Búlúù Inú Omi Àìgbẹ

Bàbá mi àgbà kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Wolé-wolé dé o!" Kí onílé tó dáhùn, wọ́n ti wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti ṣí ìdérí àmù, wọ́n sì ti ń fi ife bu tanwíjí jáde kí onílé lè rí ohun tó ń mu. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ní kí wọ́n lọ sinmi. Èmi ò tilẹ̀ bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ọ̀kà Àkókó, yóò sọ fún yín pé Bàbá Bùràímọ̀ fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ojú wọn ni kò fẹ̀yìn tì.

Bàbá mi àti àwọn àbúrò wọn ti tẹ ìwé ìrántí fún fídàú Bàbá àgbà. Ọdún tí wọ́n bí Bàbá wà níbẹ̀, ilé ìwé tí wọ́n lọ wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò kan tí Bàbá ti fajú ro bíi pé ayàwòrán ló da omi ìdọ̀tí sójú títì. Ìwé náà dára, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí mo mọ̀. Ẹni tí mo mọ̀ a máa pariwo, a máa rẹ́rìn-ín kó dé ilé kẹta, a sì máa bá èèyàn jà lórí ọ̀rọ̀ eṣinṣin kan ṣoṣo. Ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kó tó di pé àwọn tó mọ ìwé kọ gbé wọn sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ ná. Bí oúnjẹ bá délẹ̀ nílé Bàbá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi fi ọṣẹ fọwọ́, kó sì ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ogún. Ẹni tó bá fo èjìdínlógún á padà sí ení. Ọdún Iléyá kan, àlejò ńlá kan wá láti Àkúrẹ́, agbádá rẹ̀ gba àga méjì. Ó kà á dé mẹ́wàá, ó nu ọwọ́, ó mú ẹran. Bàbá gba ẹran náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n dá a padà sínú abọ́. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀. Bàbá ní, "Ọ̀gá, mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Ṣé Àkúrẹ́ lẹ gbàgbé ẹ̀ sí ni?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá wọn lẹ́kun, ìyẹn ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìṣùà. Ìṣùà ni Màmá ti wá, ẹ sì mọ̀ pé èdè àwọn ará ibẹ̀ yàtọ̀ sí Yorùbá pátápátá. Bí inú Màmá bá dùn, Yorùbá ni wọ́n á sọ. Bí inú bá bí wọn, wọ́n á fi Yorùbá sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wọ èdè Ìṣùà lọ, Bàbá á sì jókòó, wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á máa mi orí. Mo bi Bàbá lọ́jọ́ kan pé ṣé wọ́n tiẹ̀ ń gbọ́ èdè yẹn. Wọ́n ní, "Àádọ́ta ọdún la ti fẹ́ra, Rámátù. Èébú nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. Wọn ò tíì kọ́ mi ní ti oúnjẹ."

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Mò ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ọ̀kà, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni mo sì wà lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bàbá gbé lẹ́tà káńsù wọ ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bàbá ti kà á, wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ tó wù wọ́n pàdé níbẹ̀, ìyẹn ẹnfáírọ́mẹ́ntà, orúkọ òyìnbó iṣẹ́ wolé-wolé, inú wọn sì dùn débi pé wọn ò dúró ti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. "Rámátù, ìjọba ti rántí mi! Wọ́n ti dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Bá mi rán kákí tuntun, kí ṣòkòtò rẹ̀ mọ ní orúnkún bíi ti àtijọ́." Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin o! Ó yẹ kí èmi náà ka lẹ́tà yẹn, àmọ́ oníbàárà tó ń kánjú wà níwájú mi. Mo mú téèpù, mo wọn ìbàdí wọn.

Kákí yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá ti wọ ilé bíi ogójì. Wọ́n ní kí ẹni yìí kó gọ́tà, kí tọ̀hún so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n dé Òkè-Ìsun, àdúgbò tó wà lẹ́sẹ̀ àpáta, wọ́n bá ṣáláńgá Ìyá Kẹ́hìndé tó sún mọ́ kànga jù. Ìyá Kẹ́hìndé ni olórí àwọn obìnrin àdúgbò yẹn, kì í sì í ṣe ẹni tí èèyàn ń pariwo mọ́. Bàbá pariwo mọ́ ọn. Wọ́n fún un ní ọjọ́ méje kó gbẹ́ òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ẹjọ́. Ìyá Kẹ́hìndé kàn wọlé lọ. Ó wé gèlè, ó gba káńsù lọ, ó lọ béèrè ìgbà tí wolé-wolé tún padà sáyé.

Ohun tó gbé Màmá Tísà wá sílé Bàbá nìyẹn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá Tísà, àwọn sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí lẹ́tà náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún lẹ́tà yín kà. Àdífáísọ́rì ló wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn lórí àyíká ni wọ́n yàn yín sí. Àwa méje ni. A ò lè mú ẹnikẹ́ni, a ò lè gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́. Bí nǹkan bá ń run tàbí ó ń ṣàn, a máa lọ wò ó, a máa bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀, a máa wá kọ ìmọ̀ràn fún alága. Ó lè gbà á, ó sì lè má gbà á."

"Bí kò bá gbà á ńkọ́?"

"A ó tún kọ òmíràn."

Bàbá mú lẹ́tà náà, wọ́n tún un kà. Wọ́n wo Màmá Tísà, wọ́n wo kákí tó wà lára wọn, wọ́n wá kọjú sí mi. "Rámátù, irú ṣòkòtò wo ni olùdámọ̀ràn máa ń wọ̀?" Yé! Màmá Ìṣùà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ̀ bọ́ láti orí àpótí. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Ọ̀kà ti ń pè wọ́n ní Bàbá Àdífáísà.

Ẹlòmíràn ì bá fi ìtìjú jókòó sílé. Bàbá padà sí gbogbo ilé tí wọ́n ti pàṣẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tọrọ gáfárà. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìyá Kẹ́hìndé, wọ́n ní, "Ìyá, ilé ẹjọ́ tí mo dárúkọ lọ́jọ́sí, ẹ bá mi gbàgbé ẹ̀. Ìmọ̀ràn lásán ni. Kí lẹ rò pé a lè ṣe sí ṣáláńgá yìí?" Ìyá Kẹ́hìndé fi àga lọ̀ wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀ bá ti béèrè bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí òórùn ẹ̀ ti sú èmi gan-an." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti gbẹ́ tuntun sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ya Bàbá lẹ́nu ju ohunkóhun lọ. Wọ́n wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń rò ó. "Nígbà tí mo lè mú wọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń sá sí. Báyìí tí mi ò lè mú ẹnikẹ́ni, wọ́n ń fi àga lọ̀ mí."

Bí Bàbá ṣe kọ́ ìbéèrè nìyẹn o, wọ́n sì kọ́ ọ ní àkọ́jù. Ọjọ́bọ̀ kejì-kejì ni ìgbìmọ̀ wọn ń jókòó nínú yàrá kan ní káńsù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo. Wọ́n á gbé ìwé kíkọ eléwé ọgọ́ta dání, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn sọ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Nílé ńkọ́? Ìyẹn gan-an ni àrà. Bàbá tó jẹ́ pé "Iyọ̀ ti pọ̀ jù!" ni wọ́n máa ń wí tẹ́lẹ̀, wọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n kọjú sí Màmá, wọ́n ní, "Ìyá Sùfíánù, kí lẹ rò pé a lè ṣe sí iyọ̀ inú ọbẹ̀ yìí?" Èdè Ìṣùà ni Màmá fi dá wọn lóhùn.

Ẹ̀rín ti tó, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó dùn mí. Ààtàn ọjà wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Bí oòrùn bá mú, oníbàárà á fi ọwọ́ kan mú aṣọ, á fi ọwọ́ kejì dí imú. Mo ti rí eṣinṣin tó bà lé léèsì ìyàwó lọ́jọ́ tí ìyàwó wá gbà á, ìyá ìyàwó ò sì dákẹ́. Nítorí náà, nígbà tí káńsù kéde pé àwọn máa kó ààtàn náà kúrò, mo jó. Orí òkè tó wà lókè Òkè-Ìsun ni wọ́n fẹ́ kó o lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Katapílà ti la ọ̀nà, ó ti gbẹ́ kòtò. Ó ku kí ọkọ̀ ìdọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Ẹsẹ̀ òkè yẹn náà ni Omi Àìgbẹ ti ń sun jáde láàárín àpáta méjì. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú kí ẹ̀rọ omi gbẹ, tí kànga gbẹ, òun kì í gbẹ. Gbogbo Òkè-Ìsun ló ń mu ún. Ìgbìmọ̀ Bàbá gun òkè lọ wò ó, wọ́n sì kọ ìmọ̀ràn pé òjò á fọ ìdọ̀tí gba ibi tí àpáta ti sán lọ sínú omi náà. Ẹnjinníà káńsù ní rárá, ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ni omi ń gbà, inú igbó ló ń lọ. Alága fèsì pé, "A ti rí ìmọ̀ràn yín, ẹ ṣeun." Wọ́n kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èsì kan náà ló dé, wọ́n kàn yí déètì tó wà lórí rẹ̀ padà ni.

Àwa ará ọjà ò dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá o. Èmi ni mo sì le jù. Ọjọ́ tí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo dìde sí wọn. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wá ń bẹ káńsù pé kí eṣinṣin máa bà lé aṣọ mi?" Wọ́n ní, "Rámátù, kí ni Ìyá Kẹ́hìndé á máa mu?" Mo ní, "Kó lọ ra píọ̀ wọ́tà!" Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé kò dára. Bàbá ò bá mi wí. Wọ́n gbé ìwé wọn, wọ́n jáde, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn ò fi yà lọ́dọ̀ mi mọ́, àwọn tí kì í jẹ́ kí ọjọ́ méjì kọjá tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n mi ò lọ bẹ̀ wọ́n. Ọmọ ọmọ wọn ni mí, ibi tí wọ́n ti rí orí líle náà ni mo ti rí tèmi.

Oníbúlúù kan ní ọjà Ìkàrẹ́, níbi tí mo ti ń ra òwú, ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan tó wọ kákí péńpé wá lọ́jọ́ ọjà, ó ra gbogbo búlúù ìfọṣọ tó wà lórí àtẹ, ó tún ra ti àtẹ kejì àti ti ẹ̀kẹta. Òun bá bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fọṣọ gbogbo Àkókó ni?" Bàbá ní, "Òkè ni mo fẹ́ fọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, Bàbá àti Màmá Tísà gun òkè lọ. Àwọn arúgbó méjì! Wọ́n po búlúù náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n dà á sínú kòtò tí katapílà gbẹ́, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òjò náà rọ̀, kì í ṣe kékeré. Ilẹ̀ mọ́, a gbọ́ igbe láti Òkè-Ìsun. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀, mo sáré bá ogunlọ́gọ̀ èèyàn lọ.

Omi Àìgbẹ ti di búlúù. Kì í ṣe búlúù díẹ̀ o, búlúù tó dán! Ìyá Kẹ́hìndé ti sọ abọ́ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Pásítọ̀ kan ti gbé òróró dé. Ààfáà kan ti jókòó sórí òkúta, ó ń ké Àlùkùránì. Ẹnì kan ní òkè ló ń bínú, ẹnì kan ní ayé ti parí, ẹnì kan ti ń wá ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè sá lọ sí Ìkàrẹ́. Àárín ariwo yẹn la ti rí Bàbá Àdífáísà tí wọ́n ń bọ̀ nínú kákí, apá wọn méjèèjì ti di búlúù dé ìgúnpá. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má gbàdúrà mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Búlúù ìfọṣọ ni."

Ìyá Kẹ́hìndé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wọn mú. "Bàbá, ẹ da nǹkan sínú omi wa?"

"Mi ò da nǹkan kan sínú omi yín. Orí òkè lọ́hùn-ún ni mo dà á sí, nínú kòtò ààtàn. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ alága bó ṣe débí."

Ó yé àwọn obìnrin náà wàyí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan bu omi búlúù, wọ́n gbé e rù, wọ́n dorí kọ káńsù, èmi náà sì wà láàárín wọn, ojú ń tì mí. Alága jáde sí wa, ẹnjinníà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ò pariwo. Wọ́n kí alága dáadáa, wọ́n gba abọ́ kan lọ́wọ́ Ìyá Kẹ́hìndé, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. "Alága, ìbéèrè kan ni mo ní. Búlúù lèyí. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ ọmọ àti ẹran jíjẹrà láti ọjà ńkọ́?" Alága wo abọ́. Ẹnjinníà wo bàtà ara rẹ̀. Alága bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ kàn lè wá bi mí, láì fi búlúù." Bàbá ní, "A ti fi bírò búlúù bi yín lẹ́ẹ̀mejì, sà. Ó jọ pé kò pọ̀ tó."

Ẹ̀rín yẹn ló parí ìjà. Alága ní kí katapílà lọ dí kòtò náà, ó sì béèrè ibi tí ààtàn máa wá lọ. Bàbá ṣí ìwé eléwé ọgọ́ta. Ìgbìmọ̀ ti wá ibẹ̀ tán: kòtò àtijọ́ kan tí àwọn tó ṣe títì ti wa ilẹ̀ pupa, tó jìnnà sí ilé, tí kò sí omi kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí oṣù tó parí, ààtàn ti kúrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni Omi Àìgbẹ fi jẹ́ búlúù, gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Bàbá sì fi ọmọlanke gbé omi kànga wa lọ fún Òkè-Ìsun, tí wọ́n ń tọrọ gáfárà láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn obìnrin ò fi búlúù yẹn ṣòfò ṣá. Wọ́n kó gbogbo aṣọ funfun wá síbẹ̀, jàlàbíà àti súútánà lórí okùn kan náà. Aṣọ ò tíì funfun bẹ́ẹ̀ rí ní Ọ̀kà.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní kí n bá wọn wo ṣòkòtò tó ya ní ìdí nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé torí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ ò ṣe wá mọ́."

Ó yà wọ́n lẹ́nu gan-an ni. "Ta ló ń bínú? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fẹsẹ̀ rìn kiri, mò ń wá ibi tí wọ́n á gbé ààtàn rẹ lọ."

Mo sunkún sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí ọmọdé.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá lọ, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun tán. Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn le. Ẹ̀rọ omi ti gbẹ, kànga wa ti di ẹrẹ̀, a sì fẹ́ wẹ Bàbá kí ọ̀sán tó pọ́n. Bàbá mi ti rán ẹnì kan pé kó wá táńkà omi lọ sí Ìkàrẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta. Mo yọjú. Àwọn obìnrin Òkè-Ìsun ni, wọ́n tò bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àpáta, abọ́ omi wà lórí olúkúlùkù, oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ̀le, Ìyá Kẹ́hìndé ló ṣíwájú. Wọ́n rọ ọ́ kún dírọ́ọ̀mù méjì. Wọ́n rọ ọ́ kún àmù, wọ́n rọ ọ́ kún ọpọ́n ìfọṣọ, wọ́n wá ń wá ohun tó ṣófo nílé wa.

Ààfáà tó fẹ́ wẹ òkú jáde síta. "Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó. Ẹnì kan ṣoṣo la fẹ́ wẹ̀."

Ìyá Kẹ́hìndé ò tíì sọ abọ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ààfáà, ẹ lò ó tán. Bàbá ló jẹ́ ká rí i mú."

Mo bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gbé e wọlé tọ Bàbá lọ. Ó mọ́ gaara.